Nítorí Màlúù Dìjá

Èrúwà,
ọjọ́ tí ọyẹ́ kọ́kọ́ mú wa gan-an lọ́dún yìí.

Rálíyà ọmọ mi, Àṣàbí mi,

Ìrọ̀lẹ́ àná ni lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Dẹ́rẹ́bà tó máa ń kó gàárì láti Ìgbó-Ọrà wá síbí ló mú un wá. Inú fìlà rẹ̀ ló ká a sí, mo sì ní láti fi aṣọ nu òógùn kúrò lára rẹ̀ kí n tó lè kà á. Mo kà á sókè fún màmá rẹ. Inú wa dùn pé yàrá tí o gbà kò jò, àti pé o ti mọ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ lórí yanrìn láìṣubú. Èyí tó kù nínú lẹ́tà náà ni kò jẹ́ kí n lè jẹun tán.

O ní màlúù Dìjá kú. O ní láti ọjọ́ náà o kò tíì lè gba ọ̀nà Ìdèrè kọjá, ká má tíì sọ pé o wọ gáà, ibùdó àwọn Fúlàní wọn. O ní o fẹ́ kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ pé o kò ṣe mọ́, kí o sì máa bọ̀ nílé. Níbi tí mo kà á dé nìyẹn tí màmá rẹ fi ní, "Kó máa bọ̀ o jàre! Àbí màlúù ló bí i ni?" Mo ní kó fún mi láyè kí n kọ́kọ́ bá ọ sọ̀rọ̀.

Ì bá wù mí kí n wọkọ̀ wá bá ọ, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi tí ọlọ́kadà fi gbá òkúta ní oríta Lanlate ṣì wà nínú báńdéèjì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èmi àti ìwọ mọ ara wa. Tí mo bá fẹnu sọ ọ́, o ó ti máa bá mi jiyàn kí n tó parí gbólóhùn kejì. Ìwé kò ṣeé bá jiyàn. Jókòó, kí o kà á dópin. Tí o bá kà á tán tí o ṣì fẹ́ wálé, èmi fúnra mi ni màá rán ọkọ̀ sí ẹrù rẹ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yé mi, kí o lè mọ̀ pé mo ka lẹ́tà rẹ dáadáa. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà ọ́ sí ni pé kí o wá ọ̀nà tí wàrà àwọn Fúlàní agbègbè wa yóò fi pọ̀ sí i, tí màlúù wọn kò sì fi ní máa rù kí wọ́n máa kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko bá tán. O rí i pé eèpo ẹ̀gẹ́ ń jẹrà lásán nídìí àwọn tó ń ṣe gàárì. O sọ fún Hàrúnà, ọkọ Dìjá, pé kí wọ́n máa kó eèpo náà, kí wọ́n sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó fún màlúù jẹ, nítorí oró wà nínú eèpo tútù. Hàrúnà mi orí, ó ní òun ti gbọ́. Lẹ́yìn náà ni Dìjá lọ gbé eèpo tútù bọ̀, ó dà á síwájú abo màlúù rẹ̀ tó ní wàrà jù lọ. Màlúù náà jẹ ẹ́ yó, ikùn rẹ̀ wú, kí ẹ sì tó rí ẹni tó lè ṣe nǹkan sí i, ó ti kú.

Ó dùn mí, ọmọ mi. Màlúù tó ń bọ́ ilé kan lójoojúmọ́ kì í ṣe nǹkan kékeré. Sunkún sí i tó bá ń ṣe ọ́ bí ẹkún, kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí. Sísá tí o fẹ́ sá ni mi ò fara mọ́, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí mo ti ṣe irú iṣẹ́ tí o ń ṣe yìí rí, mo sì ti fẹ́ sá rí.

O kò ní rántí dáadáa, torí o ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí o máa ń fi wàrà díndín pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí tí èèrà fi ń lé wa lórí ẹní. Àwọn olùwádìí kan wá láti Ìbàdàn nígbà náà, wọ́n ń wá ọmọ ìbílẹ̀ tó gbọ́ èdè Fúlàní díẹ̀, tó mọ alùpùpù gùn, tí kò sì bẹ̀rù màlúù. Mo ní èmi rèé, gbogbo ẹ̀ ló pé sí mi lára. Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù màlúù yẹn, irọ́ ni mo pa. Gáà Bàbá Búbà ni wọ́n ní kí n ti máa ṣiṣẹ́, lórí ilẹ̀ ẹbí wa, lápá ọ̀nà Lanlate. Kí wọ́n tó bí mi ni àwọn Bàbá Búbà ti ń gbé ibẹ̀. Bàbá bàbá mi ló fún bàbá rẹ̀ láyè.

Àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀: ohunkóhun tí o bá bá lọ́wọ́ wọn, dúró wò ó kí o tó ní kí wọ́n fi sílẹ̀.

Wọ́n fún mi ní korobá kan tí wọ́n fa ìlà sí lára, wọ́n ní kí n máa wọn wàrà tí màlúù kọ̀ọ̀kan bá fún láràárọ̀. Mo dé gáà, mo rí i pé kí wọ́n tó fún wàrà, wọ́n á kọ́kọ́ tú ọmọ màlúù sílẹ̀ kó lọ mu ọmú ìyá rẹ̀. Mo ní háà, mo ti rí olè tó ń jí wàrà! Mo pàṣẹ pé kí wọ́n so gbogbo ọmọ màlúù mọ́lẹ̀ lẹ́yìn gáà, níbi tí ìyá wọn kò ti ní rí wọn. Bàbá Búbà wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ ẹ, Ọmọ Onílẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa."

Rálíyà, mo lóṣòó ti abo màlúù kan, mo fà á lọ́mú títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ohun tó dà sínú korobá kò tó èyí tí ológbò máa lá. Àṣé irú màlúù wa yìí, tí kò bá rí ọmọ rẹ̀, kì í sọ wàrà kalẹ̀. Á dì í mú ni. Mo tún súnmọ́ ọn, mo tún fà á, ló bá fẹsẹ̀ gbá korobá, èmi náà bá korobá lọ, a jọ balẹ̀ sínú ìgbẹ́. Ìyá Búbà rẹ́rìn-ín títí tí kò fi lè dúró mọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ọmọ Onílẹ̀, ọmọ ẹ̀ ló ń retí o, kì í ṣe ẹ̀yin!" Odidi ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n fi ń sọ ọ́ láti gáà dé gáà, bí mo bá sì ti ń bọ̀ lórí alùpùpù, àwọn obìnrin á ti bo ẹnu.

Mi ò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n bá ń ṣe ló dára o. Nígbà òjò, inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń so àwọn ọmọ màlúù náà mọ́, ikọ́ a sì máa pa wọ́n. Nígbà tí a ní kí wọ́n ṣe ibi gbígbẹ fún wọn, kí wọ́n bo orí rẹ̀, kí wọ́n sì gé koríko wá fún wọn, ikú náà dínkù, wàrà sì pọ̀ lóòótọ́. Ìwádìí ń ṣiṣẹ́, má ṣe jẹ́ kí màlúù kan mú ọ gbàgbé. Ṣùgbọ́n a ti jókòó tì wọ́n pẹ́ kí a tó sọ ìyẹn, wọ́n sì ti fi mí ṣẹ̀sín tó kí wọ́n tó gbà mí gbọ́.

Èkejì, má ka màlúù ènìyàn lójú rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n kọ́ ọ pé olùwádìí gbọ́dọ̀ mọ iye. Wọ́n kọ́ èmi náà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà gáà láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń na ìka sí wọn bí wọ́n ṣe ń jáde, mo sì ń kà wọ́n sókè bí ẹni tó ń ka ọmọ ilé-ìwé. Ní ọjọ́ kejì, gáà ti dá páropáro. Wọ́n ti kó màlúù lọ bá ìbátan wọn lápá Ìgàngàn, ó ku àwọn arúgbó tí kò lè rìn. Mo lọ bá bàbá mi nílé, mo fẹjọ́ sùn pé àwọn Fúlàní yìí ń fi nǹkan pamọ́ fún mi.

Bàbá mi ń họ ẹ̀yìn lọ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ mélòó ni mo bí?"

Ta ló ń ka ọmọ nílé wa?

Ó ní, "Kí lo wá ń ka tiwọn sí?"

Láti ọjọ́ náà, mo dẹ́kun iye bíbéèrè, orúkọ ni mò ń béèrè. Wọ́n a máa sọ màlúù lórúkọ bí àwa ti ń sọ ọmọ. Tí o bá ti bi Ìyá Búbà pé báwo ni abo pupa yẹn, tí o sì dá orúkọ rẹ̀ mọ̀, á sọ fún ọ ìgbà tó bímọ, ìgbà tó gbẹ, àìsàn tó ṣe é, igbá tí wàrà rẹ̀ ń kún àti èyí tí kò ń kún. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, gbogbo ohun tí àwọn ọ̀gá mi ní Ìbàdàn fẹ́ mọ̀ ti wà lọ́wọ́ mi, inú ìyá náà á sì ti dùn bí ẹni tí wọ́n kí kú oríire.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Èyí gùn o. Lọ bu omi mu kí o tó máa kà á lọ.

Àwọn ọ̀gá wa mú irúgbìn kan wá, ewéko tó nà nílẹ̀ bí ẹ̀wà, tí kì í tètè gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èrò wọn dára. Kí Fúlàní gbìn ín sí ìwọ̀nba ilẹ̀ kékeré kan nígbà òjò, kó ṣọgbà yí i ká, kí màlúù má bàa dé ibẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá dé tí igbó jó, tí kò sí ewé níbì kankan, kó máa ṣí ọgbà náà fún àwọn abo tó ní wàrà lọ́mú. Bàbá Búbà gbà. A gbìn ín sẹ́bàá gáà, a ri òpó yí i ká. Kí oṣù tó yí po, ikán ti jẹ òpó náà wó. A tún un rì, ikán tún jẹ ẹ́.

Orí mi wá ṣiṣẹ́. Mo rí pèrègún lẹ́bàá odò, ó pọ̀ bí nǹkan míì. Pèrègún, tí o bá gé e tí o rì í mọ́lẹ̀, híhù ló máa hù. Ikán kì í jẹ igi tó wà láàyè, ewúrẹ́ kì í sì í fẹnu kàn án. Èmi àti Bàbá Búbà gé e, a rì í yí gbogbo ilẹ̀ náà ká. Òjò rọ̀ sí i, ó hu, ó yọ ewé, ó tò lọ lọ́ọ̀ọ́rọ́. Ó wù mí débi pé mo ránṣẹ́ pe ọ̀gá wa láti Ìbàdàn kó wá ya fọ́tò rẹ̀.

Èmi o! Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ onílẹ̀! Ta ni kò mọ̀ pé pèrègún ni gbogbo ilẹ̀ Ìbàràpá fi ń pààlà? Níbi tí o bá ti rí i tó tò létí oko, o ti mọ̀ pé ilẹ̀ ẹnìkan parí síbẹ̀, ti ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ikán ló gba gbogbo ọpọlọ mi lọ́jọ́ náà. Ọgbà ni mo ń ṣe lójú ara mi, ààlà ni mò ń pa lójú gbogbo ayé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Sàláwù, ni olórí ẹbí wa nígbà náà. Ó ń bọ̀ láti oko ní ọjọ́ kan, ó sì rí pèrègún tó yí ilẹ̀ ẹbí ká nídìí gáà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà níbẹ̀. Ilé ló gbà lọ tààrà, ó pe ẹbí jọ. Ó ní, "Bàbá wa fún wọn láyè kí wọ́n jókòó. Wọ́n ti pààlà báyìí. Tí a bá kú tán, àwọn ọmọ wọn á fi pèrègún yẹn han àwọn ọmọ wa, wọ́n á ní ibí ni tàwọn ti bẹ̀rẹ̀." Wọ́n fẹnu kò pé kí Bàbá Búbà kó ìyàwó, kó kó ọmọ, kó da màlúù rẹ̀, kó kúrò lórí ilẹ̀ wa.

Àárín ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn. Níbo ni wọ́n fẹ́ lọ? Ibi tí wọ́n bá lọ, màlúù àwọn ẹlòmíràn ti ń jẹ koríko ibẹ̀. Àwọn màlúù á rù lọ́nà, wàrà á gbẹ, àwọn ọmọ màlúù tí a ti kọ́lé fún á bẹ̀rẹ̀ sí kú. Èmi tí wọ́n rán pé kí n jẹ́ kí wàrà pọ̀, èmi ni mo fẹ́ lé onílé kúrò nílé. Ìtìjú bò mí, mi ò lè gba ọ̀nà gáà kọjá. Mo di aṣọ mi sínú àpò, mo ní Ìbàdàn ni mò ń lọ, iṣẹ́ olùwádìí ti sú mi. Màmá rẹ tó ń sọ pé kí o máa bọ̀ yìí ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ó dáa, máa lọ. Tí o bá ti lọ tán, ta ló fẹ́ sọ fún wọn pé ìwọ lo gbìn ín?"

Mo tú àpò mi palẹ̀.

Èmi àti Bàbá Búbà la jọ lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Sàláwù. Mo ṣàlàyé ikán, mo ṣàlàyé ewúrẹ́, mo ṣàlàyé ẹ̀ẹ̀rùn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ó ti hu. Ṣé kí n máa sọ fún ọmọ ọmọ mi pé ìwọ lo ń sá fún ikán?" Ó ní kí a dìde, ká máa lọ.

Nǹkan kan ló wà tí Bàbá Sàláwù kò rò mọ́ ọn. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ojú ti Ìyá Búbà, kò gbé igbá wàrà wọ agbo ilé wa mọ́. Àwọn ìyàwó Bàbá Sàláwù ló máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n á dín in, tí wọ́n á gbé e lọ ọjà. Iná wọn kú. Bàbá náà fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀kọ àti wàrà ni oúnjẹ alẹ́ rẹ̀, ẹ̀kọ nìkan ló wá kù tó ń jẹ. Nígbà tó yá, ìyáálé ilé kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ le bí ẹni tó dúró. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń bá pèrègún jà, àwa la wá ń jìyà ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí ẹ bá fọwọ́ ara yín gbìn ńkọ́? Ṣé ẹnì kan lè ní Fúlàní ló gbin ìyẹn?"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

Ó kó ẹbí lẹ́yìn, gbogbo wa lọ sídìí gáà. Bàbá Búbà ń fa pèrègún náà tu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bàbá Sàláwù, Bàbá Sàláwù ń gbà á, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ rì í padà sínú ihò kan náà, gbogbo ẹbí sì ń wò ó. Ilẹ̀ wa, pèrègún wa, ọgbà wa, Bàbá Búbà sì ń gbé lórí ẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ti gbé. Àárín iṣẹ́ yìí ni ọ̀gá wa dé láti Ìbàdàn. Ó ní kí ló dé tí ẹ fi ń fa ọgbà tó dára tu, tí ẹ tún ń gbìn ín síbi tí ẹ ti fà á? Kò sẹ́ni tó ráyè dá a lóhùn. Wọ́n ní kó mú ìkan dání.

Ìyá Búbà tún gbé igbá wá. Bàbá Sàláwù ní kí màlúù máa sùn lórí ilẹ̀ oko òun tí kò tíì dá, kí ìgbẹ́ wọn lè sọ ilẹ̀ náà dọlọ́ràá kí òjò tó dé, àgbàdo ọdún náà sì ga ju bàbá náà fúnra rẹ̀ lọ. Ọgbà yẹn la fi la ẹ̀ẹ̀rùn já. Nítorí náà, Àṣàbí, kí o tó ní kí Fúlàní kan gbin ohunkóhun, kọ́kọ́ lọ kí ẹni tó nilẹ̀. Jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, kó fọwọ́ kan irúgbìn náà. Àwọn ọ̀gá rẹ lè máà kọ ìyẹn sínú ìwé, ìwọ fi kún un.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó kàn yìí ni mo torí ẹ̀ mú bírò. Ọkùnrin ló ni màlúù nílé Fúlàní, obìnrin ló ni wàrà. Obìnrin ló ń gbé e kaná, òun ló ń fi omi ewé bomubómu dì í, òun ló ń gbé e rìn lọ ọjà, èyí tó bá sì rí níbẹ̀ ni ọmọ ń jẹ. Àwa olùwádìí ìgbà yẹn, abẹ́ igi la máa ń jókòó sí pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, a ń sọ̀rọ̀ wàrà. Àwọn obìnrin á gbé omi wá fún wa, a ó dúpẹ́, wọ́n á lọ, a ó tún máa bá ọ̀rọ̀ wàrà lọ. Ó pẹ́ kó tó yé wa pé àwọn tó ni ín ló ń gbé omi fún wa yẹn.

Obìnrin ni ìwọ. O lè wọ ibi tí èmi kò lè wọ̀ láé. O lè jókòó ti Dìjá nídìí ààrò kí o bá a bó ẹ̀gẹ́. Kí ló wá gbé ọ lọ sábẹ́ igi pẹ̀lú Hàrúnà? Hàrúnà kò gbé eèpo ẹ̀gẹ́ rí láyé rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ oró náà bí ọkùnrin ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ó sì gbàgbé rẹ̀ kó tó dìde. Dìjá tó ń lọ, tó ń bọ̀, tó ń rù ú, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ibi tí o ti ṣìṣe nìyẹn, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ ọ́ nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ, àti nítorí pé ó ṣeé tún ṣe.

Màá tún fi èyí kún un. Má fi màlúù tí ilé kan gbójú lé dán nǹkan tuntun wò. Ní kí wọ́n mú èyí tó ti gbẹ, tàbí akọ tí wọ́n fẹ́ tà, kí wọ́n fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ á máa sọ fún ọ pé olórí kunkun ni Fúlàní, wọn kì í gba nǹkan tuntun. Wọn kì í ṣe olórí kunkun. Wọ́n mọ̀ pé tí nǹkan tuntun náà bá yẹ̀, ìwọ á ṣì gba owó oṣù rẹ, àwọn lọmọ wọn máa sùn láìjẹun. Tí o bá ń rántí ìyẹn, o kò ní bá wọn bínú, àwọn náà á sì rí i lójú rẹ pé o rántí. Ohun tí o kò bá sì mọ̀, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n. Má ṣèlérí fún wọn pé òjò máa tètè dé.

Yàtọ̀ sí èyí, máa jẹun. Má fi búrẹ́dì àti ẹ̀pà ṣe oúnjẹ ọ̀sán lójoojúmọ́, mo ti gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Ìgbó-Ọrà, tó ń kí mi nípasẹ̀ gbogbo ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ ní Èrúwà, sọ fún un pé mo ti gbọ́ kíkí náà, kó wá kí mi fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ ń dùn mí, mi ò lọ síbì kan.

Ibi tí mo kà sí ìparí nìyí, mo ti fẹ́ fọwọ́ sí i, ni màmá rẹ wọlé láti ọjà Lanlate. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi ní kí n má tíì dé bírò.

Ó ní òun rí Dìjá lọ́jà. O mọ̀ pé ó ti mọ màmá rẹ lójú láti ìgbà tí o mú un wá ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bí òun ṣe rí i tó ń bọ̀, òun ti ń to ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu, nítorí òun rò pé ìjà màlúù ló bá wá, òun kò sì ní gbà kí wọ́n bú ọmọ òun láàárín ọjà. Dìjá kúnlẹ̀ kí i. Ó gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀. Màmá rẹ ní kí n kọ ohun tó sọ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, kí n má yọ nǹkan kan kúrò:

"Màmá Rálíyà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín ò wá mọ́. Èmi ni mo pa màlúù mi, èmi ni mi ò béèrè dáadáa. Ṣé inú ẹ̀ ń bí sí mi ni?"

Màmá rẹ kò rí èsì kankan fún un. Ẹkún ló ń sun nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Èmi náà ò ní èsì, nítorí kì í ṣe èmi ni wọ́n bi. Gun kẹ̀kẹ́ rẹ, Rálíyà, kí o lọ dá a lóhùn.

Kí Ọlọ́run Ọba ṣáájú kẹ̀kẹ́ náà, kó sì tẹ̀lé e.

Èmi ni,
bàbá rẹ.